Géèmù Ọ̀fẹ́: Ta Ni Ń San Owó Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé létí àwọn kan nínú yín, nítorí ọ̀rọ̀ géèmù ni, ìyẹn eré tí àwọn ọmọ wa ń ṣe lórí fóònù àti lórí ẹ̀rọ tí a ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ òwò ni mo fẹ́ sọ, òwò tí ojú owó rẹ̀ ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, tí iye tí wọ́n ń tà á kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú kan. Ẹni tó bá ti fi owó gọbọi ra ọjà rí, tó sì mọ̀ pé òun kò lè fi náírà kan kún iye tí òun ń tà á kí oníbàárà má baà sá lọ sí ìsọ̀ kejì, yóò mọ bí irú òwò bẹ́ẹ̀ ti ń rí lára.

Àwọn àgbà sọ pé ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìyá tó ń kiri ẹ̀kọ tí kò ké, ẹ̀kọ rẹ̀ yóò tutù mọ́ ọn lórí. Ṣùgbọ́n ta ló gbọ́ ọ rí pé kí a sanwó wọ ilé sinimá, kí a jókòó jẹ́jẹ́, kí fíìmù dé ibi tó dùn, kí ẹnì kan wá dìde dí wa lójú, kó máa polówó ọṣẹ? Ohun tó ti ń ṣẹlẹ̀ nínú àwọn géèmù kan nìyẹn. Àwọn tó ń ṣe é sì ní àwíjàre. Wọ́n ní iṣẹ́ náà ti di iṣẹ́ olówó iyebíye, pé bí kò bá sí ìpolówó, ọwọ́ àwọn kò ní ká a mọ́. Mo ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò síwá sẹ́yìn. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ òótọ́, ìdajì kejì kò sì rí bẹ́ẹ̀.

OJÚ OWÓ

Ní ọdún 1982, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Howard Scott Warshaw, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Atari ní Amẹ́ríkà, fẹ́rẹ̀ẹ́ dá nìkan ṣe géèmù kan tí wọ́n pè ní E.T. láàárín ọ̀sẹ̀ 5 péré. (Géèmù náà kò tà bí wọ́n ti rò. Nígbà tó di ọdún kejì, ilé-iṣẹ́ náà kó ọ̀pọ̀ ọjà tó kù sí wọn lọ́rùn lọ sin sínú ilẹ̀ ní aṣálẹ̀ New Mexico, àwọn ènìyàn sì tún lọ hú u jáde ní 2014. Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó iṣẹ́ ló kó bá wọn. Owó gidi tí wọ́n san kí wọ́n lè lo orúkọ fíìmù tí wọ́n fi ṣe é, àti ọjà àrọ́jù tí wọ́n rọ, ni.) Ọ̀sẹ̀ 5, ènìyàn kan. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Nígbà tó di 1999, ilé-iṣẹ́ Sega ní ilẹ̀ Japan gbé géèmù kan jáde tó ń jẹ́ Shenmue. Yu Suzuki tó jẹ́ olórí iṣẹ́ náà sọ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn náà pé ó ná wọn ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 47 dọ́là. Ẹnu ya gbogbo ayé nígbà náà. Lónìí, mílíọ̀nù 47 kò tó nǹkan lójú àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá.

Báwo la ṣe mọ̀? Ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí kì í sọ iye tí wọ́n ná fún ẹnikẹ́ni, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yin náà kò ṣe ní sọ iye tí ẹ ra ọjà yín fún oníbàárà. Ilé ẹjọ́ ló tú àṣírí wọn. Ní ọdún 2023, ìjọba Amẹ́ríkà pe ilé-iṣẹ́ Microsoft lẹ́jọ́ ní San Francisco, wọn kò fẹ́ kó ra ilé-iṣẹ́ Activision. Sony tó jẹ́ orogún Microsoft nínú òwò yìí mú ìwé wá síwájú adájọ́. Wọ́n fi kálàmù dúdú pa àwọn iye owó inú rẹ̀ rẹ́ kí ará ìta má baà rí i kà, àṣé kálàmù náà kò dúdú tó! Nígbà tí wọ́n ya àwòrán ìwé náà sínú kọ̀ǹpútà, gbogbo iye tí wọ́n fi pamọ́ yọ kedere. Ibẹ̀ ni a ti mọ̀ pé The Last of Us Part II, géèmù kan tó jáde ní 2020, ná wọn ní mílíọ̀nù 220 dọ́là, pé nǹkan bí 200 òṣìṣẹ́ ló wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ gbóná jù, àti pé oṣù 70 ni ó gbà. Òmíràn tó ń jẹ́ Horizon Forbidden West, tó jáde ní 2022, gba mílíọ̀nù 212 dọ́là, àwọn 300 ènìyàn ló sì ṣe é.

Kò tán síbẹ̀ o. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ìwé ẹjọ́ mìíràn láti California fi hàn pé Activision ti ná lé ní mílíọ̀nù 700 dọ́là lórí Call of Duty kan ṣoṣo tó jáde ní 2020, bí a bá ka àtúnṣe àti àfikún tí wọ́n ń ṣe sí i lẹ́yìn tó ti dé ọjà mọ́ ọn.

Ẹ̀gbọ́n mi kan bi mí pé kí ni ń jẹ owó tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí géèmù kì í ṣe irin, tí kì í ṣe pákó, tí kì í ṣe sìmẹ́ǹtì. Mo ní ènìyàn ni. Owó oṣù ènìyàn ni. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Nígbà ayé E.T., bí ẹ bá fẹ́ ya igi sínú géèmù, àmì tútù bíi mélòó kan ti tó, ojú ẹni tó ń ṣeré ni yóò parí ìyókù. Lónìí ewé igi náà gbọ́dọ̀ máa mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́ bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, òjò gbọ́dọ̀ máa kán sílẹ̀ lára rẹ̀, òjìji rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ máa yí bí oòrùn ṣe ń yí. Ẹnì kan ló ń jókòó ṣe ewé yẹn. Ẹlòmíràn ló ń ṣe òjò. Òṣèré kan wọ aṣọ tí wọ́n lẹ àmì mọ́ káàkiri, ó ń fò, ó ń ṣubú, kí ẹ̀rọ lè gba bí ara rẹ̀ ṣe ń yí sílẹ̀. Àwọn kan ń kọ orin, àwọn kan ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ sí èdè bíi mẹ́wàá, àwọn kan kò sì ní iṣẹ́ mìíràn ju kí wọ́n máa ṣe géèmù náà láti òwúrọ̀ di alẹ́ kí wọ́n lè rí ibi tó ti bàjẹ́. Ẹ pín mílíọ̀nù 220 sí oṣù 70, ẹ óò rí i pé ó lé ní mílíọ̀nù 3 dọ́là lóṣooṣù, kí géèmù náà tó mú kọ́bọ̀ kan wọlé.

Gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ tuntun bá dé tó lè fi àwòrán tó dára ju ti àná hàn, iṣẹ́ tún pọ̀ sí i. Shawn Layden, tó ti ṣe olórí fún àwọn ilé-iṣẹ́ géèmù Sony káàkiri àgbáyé, sọ ní 2020 pé géèmù ńlá kan lórí ẹ̀rọ wọn ìgbà náà ń gba mílíọ̀nù 80 sí 150 dọ́là, láìka owó ìpolówó mọ́ ọn. Ó ní òwò náà kò lè máa bá a lọ báyìí.

Iye tí wọ́n ń tà á ńkọ́? Láti bíi 2005 ni géèmù ńlá ti di 60 dọ́là ní Amẹ́ríkà. 60 yẹn ni ó wà títí di 2020 kí àwọn kan tó gbé e dé 70. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí ọ̀wọ́n ọjà ṣe ń jẹ owó mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ohun tí 60 dọ́là rà ní 2005, nǹkan bí 79 dọ́là ni yóò rà á ní 2020. Nítorí náà géèmù ti pò lójú ọjà bí ojú owó rẹ̀ ṣe ń gòkè. Ní 2025 Nintendo gbé Mario Kart World jáde ní 80 dọ́là, ariwo sì sọ, bí ẹni pé wọ́n jí ènìyàn lápò.

Ẹ tún rántí alágbàtà. Ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń ta géèmù sábà máa ń yọ 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí géèmù 70 dọ́là, 49 ló kù fún ẹni tó ṣe é. Bí ó bá ti ná mílíọ̀nù 200, ó gbọ́dọ̀ tà lé ní mílíọ̀nù 4 kí ó tó rí ojú owó rẹ̀ padà, kò tíì jèrè o, kò tíì san owó pátákó àti tẹlifíṣọ̀n tí ó fi kéde ọjà náà.

Àwọn kan ń rí i ṣe, mi ò purọ́. Grand Theft Auto V mú bílíọ̀nù kan dọ́là wọlé láàárín ọjọ́ 3 ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2013. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Sony gbé géèmù kan tó ń jẹ́ Concord jáde ní ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ ọdún 2024, lẹ́yìn iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tó rà á kò pọ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án, ọ̀sẹ̀ 2 péré, wọ́n ti kó o kúrò lórí àtẹ, wọ́n dá owó gbogbo ẹni tó rà á padà, nígbà tó yá wọ́n sì ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é pa. Ọdún yẹn kan náà ni Microsoft dá àwọn 1,900 dúró lẹ́nu iṣẹ́ géèmù rẹ̀ ní oṣù kìíní, Sony sì dá 900 dúró ní oṣù kejì. Àwọn wọ̀nyí ní ọmọ nílé ìwé, wọ́n ní ilé tí wọ́n ń san owó rẹ̀. Nítorí náà nígbà tí àwọn ọ̀gá géèmù bá ń sunkún owó, kì í ṣe ẹkún irọ́ pátápátá.

PÁTÁKÓ NÍNÚ ERÉ

Ìpolówó inú géèmù kì í ṣe ohun tuntun. Ní 1978, Scott Adams, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ṣe géèmù Adventureland, ti fi ọ̀rọ̀ ìpolówó géèmù rẹ̀ kejì sínú ti àkọ́kọ́. Ní 1982, Namco ti ilẹ̀ Japan ṣe Pole Position, eré ìje ọkọ̀, wọ́n sì to pátákó ìpolówó sí ẹ̀bá ọ̀nà. Lójú tèmi, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ní ojú ọ̀nà ìje gidi, pátákó wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti eré bọ́ọ̀lù: pápá tí kò ní pátákó yíká kò jọ pápá. Ní 1992 àwọn ará Bìrìtìkó ṣe Zool, géèmù tó kún fún orúkọ Chupa Chups tí ń ṣe súùtì onígi. Ó mú ọmọdé gba súùtì, bóyá ni ẹnikẹ́ni sì bínú.

Ọ̀tọ̀ ni ohun tó tẹ̀lé e. Lọ́jọ́ tí géèmù ti ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, pátákó inú rẹ̀ lè yí padà lójoojúmọ́, bí ìgbà tí ẹnì kan ń gun àkàbà lọ lẹ òmíràn mọ́ ọn lóru. Ilé-iṣẹ́ kan ní New York, Massive, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2002, ló sọ èyí di òwò. Microsoft rà á ní 2006. Ní oṣù kẹwàá 2008, Barack Obama tó ń du ipò Ààrẹ lo irú pátákó bẹ́ẹ̀ nínú géèmù 18, ó sì darí rẹ̀ sí ìpínlẹ̀ 10 tí ìdìbò ti le: ẹni tó ń sáré ọkọ̀ nínú Burnout Paradise ní ìpínlẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò rí àwòrán Obama lẹ́bàá títì pé ìdìbò ti bẹ̀rẹ̀, kí ó lọ dìbò. Ẹni tó wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn kò ní rí i. Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n ńlá ni!

Síbẹ̀, ní 2010 Microsoft ti Massive pa. Ọgbọ́n náà kò mú owó tó wọlé. Èrò tèmi ni pé ibi tí pátákó lè dúró sí kò pọ̀. Níbo ni ẹ fẹ́ gbé pátákó ẹlẹ́rìndòdò sí nínú géèmù tó ń sọ ìtàn àwọn jagunjagun ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn? Ẹni tó ń sá fún òkú tó jíǹde, ṣé yóò dúró ka orúkọ ọṣẹ?

Nígbà tí pátákó ẹ̀bá ọ̀nà kò tó, àwọn kan gbé ìpolówó sí ojú títì gan-an. Ní 2020, ilé-iṣẹ́ EA gbé ìpolówó eré tẹlifíṣọ̀n kan ti Amazon sínú UFC 4, géèmù ìjà. Bí ẹni tó ń ṣeré bá ti gbá ọ̀tá rẹ̀ lẹ́ṣẹ̀ẹ́ tó dára, tí ẹ̀rọ ń tún un fi hàn, ìpolówó náà yóò bo gbogbo ojú àwòrán. Àwọn tó ti fi owó gidi ra géèmù náà fárígá, EA sì yára yọ ọ́ kúrò. Ní oṣù kan lẹ́yìn náà, nínú NBA 2K21 tó jẹ́ ti bọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀, ìpolówó yọ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, kò sì sí bí a ṣe lè fò ó. Àwọn tó ni ín ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni àwọn fẹ́ kó rí, pé yóò ní àtúnṣe.

Mo dúró lẹ́yìn àwọn tó fárígá. Bí mo bá ti san owó aṣọ pé, tí ẹ wá ní kí n wọ̀ ọ́ pẹ̀lú orúkọ ìsọ̀ yín gàdàgbà lẹ́yìn, ẹ ti ta aṣọ náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ta á fún mi, ẹ sì ta èmi fún ẹlòmíràn.

ỌKÙNRIN ARÁ HANOI

Ibo wá ni ìpolówó ti ń mówó wọlé? Nínú géèmù kékeré orí fóònù ni, èyí tí a kò san kọ́bọ̀ láti gbà.

Ọ̀dọ́kùnrin kan wà ní Hanoi, ní ilẹ̀ Vietnam, Dong Nguyen ni orúkọ rẹ̀. Ní 2013 ó fi ọjọ́ díẹ̀ ṣe géèmù kan tí ẹyẹ kékeré kan ń fò gba àárín páìpù kọjá. Flappy Bird ló pè é. Òun nìkan ló ṣe é, kò gba òṣèré, kò gba akọrin. Ọ̀fẹ́ ni, ìpolówó kékeré kan ló wà lójú rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 2014, gbogbo ayé ti ń fò bí ẹyẹ. Ọkùnrin náà sọ fún àwọn oníròyìn pé ìpolówó yẹn ń mú nǹkan bí 50,000 dọ́là wọlé lójúmọ́. Ẹ gbọ́ èyí: ní oṣù kejì ó fọwọ́ ara rẹ̀ yọ géèmù náà kúrò lórí àtẹ. Ó ní ó ti di bárakú fún àwọn ènìyàn, òun kò sì ní àlàáfíà mọ́. Mélòó nínú wa ló lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a fi owó ẹyẹ yẹn ṣe ìṣirò. Bí 50,000 dọ́là bá ń wọlé lójoojúmọ́ láìyẹ̀, ọjọ́ mélòó ni yóò fi kó mílíọ̀nù 220 tí The Last of Us Part II ná jọ? Ọjọ́ 4,400 ni, ó lé ní ọdún 12. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣòro kí géèmù kan wà lórí òkè fún oṣù 12. Ibí yìí ni mo ti rí i pé ìdajì ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá géèmù kì í ṣe òótọ́. Ìpolówó tó sọ ẹnì kan di ọlọ́rọ̀ ní Hanoi kò lè bọ́ 200 òṣìṣẹ́ fún ọdún 6. Bí wọ́n bá kó o sínú géèmù ńlá, èènì ni yóò jẹ́ lórí èrè wọn, kò lè di ihò tó wà nínú àpò wọn.

Àwọn oníṣẹ́ fóònù pàápàá mọ̀ pé ìpolówó nìkan kò tó. King tó ni Candy Crush Saga yọ ìpolówó kúrò nínú rẹ̀ ní 2013 nítorí pé owó tí àwọn díẹ̀ nínú àwọn tó ń ṣe é ń san fún ìrànlọ́wọ́ nínú eré ti ju ti ìpolówó lọ. Nígbà tó ṣe, ìpolówó tún rọra padà wọlé. Owó dùn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Dùgbẹ̀ ni mo ń ṣàlàyé gbogbo èyí fún lọ́jọ́ kan, ló bá ní, "Àbúrò, ọmọ mi ń ṣe géèmù lórí fóònù mi, kò san kọ́bọ̀. Àwọn tó ṣe é ńkọ́, ṣé sàráà ni wọ́n ń ṣe ni?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe sàráà. Ẹ̀yin ni ẹ̀ ń sanwó."

"Èmi? Nígbà wo?"

"Ìpolówó tó ń ṣí bí ọmọ bá ti kùnà, fíìmù kékeré ni. Dátà yín ló ń jẹ."

Ó kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó pàtẹ́wọ́. "Ah! Abájọ tí dátà mi fi ń tètè tán! Èmi ni mo ń gbé pátákó wọn kiri, èmi náà ni mo tún ń san owó ọkọ̀!"

N kò lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Bí ọmọ bá ti kùnà nínú eré, fóònù yóò ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà kan lọ́nà jíjìn: àyè kan ṣí sílẹ̀ o, irú fóònù báyìí ni, orílẹ̀-èdè báyìí ni. Àwọn tó fẹ́ polówó yóò máa fi owó lé owó, bí ìgbà tí wọ́n ń lu ọjà ní gbàǹjo. Ẹni tó fi owó jù lé e ni àyè náà jẹ́ tirẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ti parí kí ọmọ tó mí ẹ̀ẹ̀kan. Kì í ṣe ènìyàn ló ń ná an, ẹ̀rọ ni. Iye tí wọ́n sì ń fi lé ojú ará Amẹ́ríkà ju èyí tí wọ́n ń fi lé ojú ọmọ Nàìjíríà lọ dáadáa, nítorí wọ́n gbà pé owó púpọ̀ wà lápò ti Amẹ́ríkà láti ná. Ẹ wá wo ìyà tó ń jẹ ọmọ Nàìjíríà tó bá fẹ́ ṣe géèmù fún ará ilé rẹ̀: àwọn tó ń ṣe é lè pọ̀ bí eṣú, kí owó ìpolówó rẹ̀ má tó san owó iná mànàmáná.

Bóyá ìdí nìyẹn tí Maliyo, ilé-iṣẹ́ géèmù kan ní Èkó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2012, fi gba ọ̀nà mìíràn ní 2024. Nígbà tí Disney gbé Iwájú jáde, eré àwòrán tí ìtàn rẹ̀ wáyé ní Èkó, Maliyo ló ṣe géèmù tó bá a rìn, Rising Chef, eré oúnjẹ sísè. Ẹ wò ó dáadáa: ìpolówó kò sí nínú irú géèmù bẹ́ẹ̀ bí àlejò, géèmù náà fúnra rẹ̀ ni ìpolówó. Èmi kò bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Iṣẹ́ dé ọwọ́ ọmọ Èkó, ọmọdé rí ìlú rẹ̀ nínú eré, ẹni tó ń polówó kò sì fi orúkọ rẹ̀ pamọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀dọ̀ yín ni mo fẹ́ yà sí báyìí. Ní 2004, ìgbìmọ̀ kan tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìrònú-ọkàn ní Amẹ́ríkà yàn jókòó lórí ọ̀rọ̀ ìpolówó àti ọmọdé. Wọ́n ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 kò ní òye pé ńṣe ni ìpolówó fẹ́ yí òun lọ́kàn padà. Ó gbà pé òótọ́ lásán ni. Ní 2018 àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Michigan yẹ ètò orí fóònù 135 wò, èyí tí àwọn ọmọ tí kò ju ọdún 5 lọ ń lò tàbí tí wọ́n ṣe fún irú wọn. 129 nínú rẹ̀ ló ní ìpolówó. Nínú àwọn kan, ọmọláńgidi inú eré fúnra rẹ̀ ló ń bẹ ọmọ pé kó ra nǹkan. Àgbà tó wo ìpolówó kan kí ó lè gba ẹ̀mí kan sí i nínú eré ti dúnàádúrà, ó mọ ohun tó fi sílẹ̀ àti ohun tó gbà. Ọmọ ọdún 5 kò dúnàádúrà kankan.

Ọ̀rọ̀ náà kò ní rọlẹ̀ láìpẹ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, Andrew Wilson, olórí EA, sọ fún àwọn tó ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ náà pé àwọn òṣìṣẹ́ òun ti ń ro bí ìpolówó yóò ṣe wọ inú àwọn géèmù ńlá wọn, ní ìrọ̀rùn. Lẹ́yìn ariwo 2020 ni o!

Ní tiwa, kí ẹ tó gba géèmù kankan sórí fóònù láti ìsọ̀ Google, ẹ wo abẹ́ orúkọ rẹ̀. Bí ìpolówó bá wà nínú rẹ̀, wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé "Contains ads". Ọ̀pọ̀ géèmù gbà kí ènìyàn san owó díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ìpolówó kúrò pátápátá. Ẹ fi owó yẹn wé iye dátà oṣù kan kí ẹ tó pinnu. Bí ẹ kò bá fẹ́ san án, ẹ pa dátà kí ẹ tó gbé fóònù fún ọmọ. Àwọn géèmù kan yóò kọ̀, wọn kò ní ṣí, ẹ ó sì ti ipa bẹ́ẹ̀ mọ irú wọn. Olùkọ́ tó bá sì fẹ́ fi ṣe ẹ̀kọ́ ìṣirò, kí ó ní kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ fi ìṣẹ́jú 10 ṣe géèmù tí wọ́n fẹ́ràn jù nílé, kí wọ́n máa fa igi kan sínú ìwé fún ìpolówó kọ̀ọ̀kan tó bá yọ, kí wọ́n kọ orúkọ ohun tí wọ́n polówó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì mú un wá ní ọjọ́ Ajé.